Àǹtí Dáyésí Ra Aṣọ Ìlúwẹ̀ẹ́

Ẹ ti rí i rí. Bí kì í bá ṣe ní ọjà Bódìjà, níbi tó ti ń ra tòmátì sínú àpò kánfáàsì, a jẹ́ pé ní Ring Road ni, níbi tó ti ń bá ọmọ oníbúrẹ́dì jà nítorí ọ̀rá. Àwọn ará àdúgbò ló sọ ọ́ ní Àǹtí Dáyésí, ó sì ń jẹ́ ẹ. Láti ìgbà tó ti Lọ́ńdọ̀nù dé ló ti ń pe oṣù keje ní sọ́mà. Oṣù keje, n'Íbàdàn! Nígbà tí òjò bá ń lu páànù, tí àwọn ọmọ ń wọ súwẹ́tà lọ sí lẹ́sìn, ìgbà náà gan-an ni Àǹtí ń múra ìlúwẹ̀ẹ́.

Aṣọ tó máa wọ̀ ló di wàhálà. Kì í ṣe pé kò ní. Ó ní in, ṣùgbọ́n ẹlẹ́ṣẹ̀ ni gbogbo wọn: epo rọ̀bì ni wọ́n fi ṣe òwú wọn, kò sì mọ iye tí wọ́n san fún ẹni tó rán wọn. Ó kó wọn fún ọmọ ọ̀dọ̀ rẹ̀ pé kó máa fi nu fèrèsé. Ọmọ náà ń ráhùn títí di òní, torí aṣọ ọ̀hún kì í fa omi.

Àkọ́kọ́ tó fi rọ́pò wọn, àwọ̀n apẹja ni. Iléeṣẹ́ kan wà ní Ítálì tó ń jẹ́ Aquafil. Láti 2011 ni wọ́n ti ń kó àwọ̀n tó gbó àti kápẹ́ẹ̀tì àlòpatì lọ sí Slovenia, tí wọ́n ń tú u palẹ̀, tí wọ́n sì ń fi ṣe òwú náílọ́ọ̀nù tuntun tí wọ́n ń pè ní Econyl. Iṣẹ́ ọpọlọ ni, ẹ má jẹ́ ká purọ́. Ohun tí Àǹtí kì í sọ ni pé náílọ́ọ̀nù tí a tún ṣe, náílọ́ọ̀nù náà ni: bí a bá ti ń fọ̀ ọ́ ló ń já fọ́nrán wínníwínní sínú omi. Òwú tó ń fà bíi rọ́bà tí wọ́n pò mọ́ ọn kì í sì í jẹ́ kó rọrùn láti tún ṣe lẹ́ẹ̀kejì. Kò sọ pé bàálù ló gbé aṣọ tí kò kún ọwọ́ yẹn wá láti Yúróòpù. Ó gbé fọ́tò rẹ̀ sórí Instagram, ó ní òun ń gba òkun là. Jẹnẹrétọ̀ ń ké lẹ́yìnkùlé bó ti ń kọ ọ́, torí wọ́n ti mú iná lọ.

Mo ní, òkun jìnnà síbí, Ògùnpa ńkọ́? Odò tí a fi ìdọ̀tí dí lọ́nà, tí òjò ńlá sì bá a bẹ́ẹ̀ ní 31 August 1980, tó ya wọ ilé onílé, tó gbé ọ̀pọ̀ èèyàn lọ. Ó ṣì ń gbé ọ̀rá píọ̀-wọ́tà mì lónìí.

"Ògùnpa?" Ó yínmú. "Ẹ̀gbọ́n, ibẹ̀ yẹn ń rùn."

Lọ́dún tó tẹ̀ lé e, ó kọ náílọ́ọ̀nù sílẹ̀, ó ní tiwa-n-tiwa ló kù. Ó ra àdìrẹ ẹlẹ́kọ, Ìbàdàn Dùn pàápàá, èyí tí òpó gbọ̀ngàn Mápó wà lára rẹ̀: òwú gidi, aró ẹlú gidi. Ó gbé e fún télọ̀ kan ní Agbowó pé kó fi rán bíkínì. Télọ̀ wo fọ́tò tó fi hàn án, ó wo aṣọ, ó wo Àǹtí.

"Ẹ má bínú o, ṣé gbogbo rẹ̀ náà nìyí, àbí ẹ máa mú ìyókù wá?"

Òtẹ́ẹ̀lì kan ní Challenge ló ti kọ́kọ́ wọ̀ ọ́. Ẹni tí òjò bá ti pa rí nínú àdìrẹ tuntun ti mọ ibi tí ọ̀rọ̀ ń lọ. Àǹtí kì í wọnú omi kọjá ìbàdí, irun orí rẹ̀ lówó lórí. Ṣùgbọ́n ìbàdí náà tó. Aró bẹ̀rẹ̀ sí í tú. Àwọn ọmọdé kọ́kọ́ rí i, wọ́n figbe ta, wọ́n sá jáde. Òwú mumi yó, ó wúwo, ó ń wá ilẹ̀. Àǹtí fi ọwọ́ méjèèjì di òpó Mápó mú kó má baà wó. Máníjà dé, ó ní wọ́n máa fa gbogbo omi púùlù dà nù, wọ́n á pọn òmíràn, Àǹtí ló sì máa sanwó. Ẹ wá rò ó, omi tí odidi àdúgbò kan ń tò fún lẹ́nu bohóòlù! Kò gbé ìyẹn sórí Instagram.

Aṣọ òkìríkà Dùgbẹ̀ ló kù. Ó ti ṣe ìṣirò, ó ní aṣọ tí ẹnì kan ti rán tán, tí ẹlòmíràn ti wọ̀ rí, kò tún ní ẹ̀ṣẹ̀ tuntun lọ́rùn mọ́. Òótọ́ ni, mi ò lè jiyàn. Ó kàn jẹ́ pé òun ló ń bú òkìríkà tẹ́lẹ̀. Ìjọba ò gba kí wọ́n kó o wọlé, síbẹ̀ ó ń gba Kùtọnu wọlé ní béèlì-béèlì, látinú ohun tí àwọn òyìnbó fi ta ọrẹ. Ìyá kan tẹ́ tirẹ̀ sílẹ̀ lábẹ́ agbòòrùn, níbi tí a ti ń wo Cocoa House lókèèrè.

"Màmá, ẹ kú ọjà o. Èló lèyí?"

"Ẹgbẹ̀rún mẹ́rin, Àǹtí mi. Ẹ fà á wò, ó ṣì ń padà. Oògùn inú omi òtẹ́ẹ̀lì ló ń jẹ ẹ́. Bẹ́ ẹ bá ti jáde, ẹ fi omi lásán ṣàn án, ẹ sá a síbi òjìji, ẹ máa wọ̀ ọ́ gbó."

"Ẹgbẹ̀rún kan."

"Háà! Àǹtí, ṣé kí n ta ọmọ mọ́ ọn ni?"

Ẹ rántí pé Àǹtí yìí kan náà ló san owó Ítálì láìwí pim, torí wọ́n kọ ọ́ síbẹ̀ pé ẹni tó rán an gbowó tó tọ́. Níbí, ó ná ọjà títí oòrùn fi yí. Ó lọ, ó bọ̀. Ó tún lọ. Ẹgbẹ̀rún kan àti ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀ta ni Ìyá fi gbà nígbẹ̀yìn, ó na ọwọ́ sí ọ̀rá.

"Rárá, Màmá! Ọ̀rá ń ba ayé jẹ́."

Ìyá fi ìwé ìròyìn àtijọ́ wé e fún un. Ó wò ó láti òkè dé ilẹ̀, àpò kánfáàsì, irun, èékánná.

"Àǹtí mi, ẹ má bínú sí ìbéèrè mi o. Ṣé ẹ mọ̀ ọ́n lú ṣá, ìlúwẹ̀ẹ́ yìí?"

"Màmá, ìyẹn kọ́ là ń sọ."