Bí Orí Aláàárù-Má-Ráhùn Ṣe Là

Ọkọ̀ Peugeot 504 kan wà ní ìkáwọ́ mi, píkọ́ọ̀pù tí ẹ̀yìn rẹ̀ ṣí gbayawu, èyí tí mo fi owó ìfẹ̀yìntì rà nígbà tí mo kúrò lẹ́nu iṣẹ́ olùkọ́, tí èmi pẹ̀lú rẹ̀ sì jọ ń kó sìmẹ́ńtì àti irin láti Ìkòtún lọ fún àwọn tí ń kọ́lé ní Ìgandò àti Akẹ́sán. Aláàárù-má-ráhùn ni mo sọ ọ́. Bí ilẹ̀ bá mọ́, kí n tó dá ìyàwó mi lóhùn ìkíni rẹ̀, ọkọ̀ ni mo máa ń kọ́kọ́ kì: Aláàárù-má-ráhùn, ọmọ Kàdúná, a-ru-sìmẹ́ńtì-má-wẹ̀yìn, ẹlẹ́sẹ̀-mẹ́rin tí ń la ẹrọ̀fọ̀ Ìjẹ́gùn kọjá nígbà tí jíìpù olówó ń wá ẹni tí yóò fi okùn fà á. Ti ọmọ Kàdúná yẹn kì í ṣe àpọ́nlé lásán, nítorí pé bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ilẹ̀ Faransé ni wọ́n ti kọ́kọ́ gbé 504 jáde ní 1968, láti 1975 ni wọ́n ti ń to ọkọ̀ Peugeot pọ̀ ní Kàdúná, tó bẹ́ẹ̀ tí kò fi sí abúlé kan nílẹ̀ yìí tí kò mọ ohùn rẹ̀.

Ohun tó bà mí jẹ́ ni ìwé. Mo rí ìwé atọ́nà ọkọ̀ náà rà lórí àtẹ, mo sì kà á dé ìdajì. Bí mo bá kà á tán ni, bóyá ìbá sàn, bí n kò bá sì ṣí i rárá, ìbá tún sàn ju bẹ́ẹ̀ lọ. Láti ọjọ́ náà ni mo ti sọ ara mi di ọ̀gá lórí mẹkáníìkì mi, ọmọkùnrin jẹ́jẹ́ kan tí ìsọ̀ rẹ̀ wà ní Ẹ̀gbẹ́dá, tí ó ti ń fi ọwọ́ rẹ̀ tú ẹ́ńjìnì láti kékeré. Ẹnìkan ní ìdí àtẹ ìwé ìròyìn ló sọ fún mi pé tẹmọ́sítáàtì, irin pẹlẹbẹ kan tí ó máa ń sé omi mọ́ inú ẹ́ńjìnì títí yóò fi gbóná kọjá ọgọ́rin dígírì kí ó tó ṣí i lọ sínú rèdíétọ̀, ohun tí wọ́n ṣe fún àwọn ará ilẹ̀ òtútù ni. Mo ní kí ọmọkùnrin náà yọ ọ́ sọnù. Ó ní, “Tíṣà, ẹ jẹ́ kó wà níbẹ̀, ó ní ohun tó ń ṣe.” Mo bi í pé kíláàsì wo ló kà dé. Ó yọ ọ́.

Nígbà tí rọ́bà omi bẹ̀rẹ̀ sí í jò díẹ̀díẹ̀, tí abẹ́rẹ́ tí ń sọ bí ẹ́ńjìnì ti gbóná tó sì ń gòkè lójoojúmọ́, mo ní abẹ́rẹ́ ti darúgbó, ẹnu rẹ̀ ló pọ̀. Ogun àgbọ́tẹ́lẹ̀ kì í pa arọ tó bá gbọ́n. Èmi kì í ṣe arọ, n kò sì gbọ́n.

Ọjọ́ Sátidé kan ni àbúrò ìyàwó mi fẹ́ ṣe ìdána ní Ìgandò, èmi ni mo sì jẹ́jẹ̀ẹ́ pé Aláàárù-má-ráhùn ni yóò kó ẹrù. A di iṣu, oyin, orógbó, obì, ataare, àpò iyọ̀ àti ewúrẹ́ kan tí ojú rẹ̀ kò rẹ́rìn-ín sí ẹ̀yìn ọkọ̀, mo wọ agbádá, mo dé fìlà abetí-ajá, ó di Ìdímù, ó di Ìkòtún. Ẹni tó bá mọ oríta Ìkòtún lọ́jọ́ Sátidé mọ̀ pé ọkọ̀ kì í rìn níbẹ̀, ṣe ni wọ́n ń tì í síwájú pẹ̀lú àdúrà; atẹ́gùn kò fẹ́ sí rèdíétọ̀, abẹ́rẹ́ sì wọ pupa. Èéfín funfun bẹ̀rẹ̀ sí í yọ lábẹ́ bọ́nẹ́ẹ̀tì. Mo bọ́ sílẹ̀ pẹ̀lú ìgboyà ẹni tó kàwé dé ìdajì, mo fi apá agbádá wé ọwọ́, mo sì ṣí ìdérí rèdíétọ̀. Ojú ìwé tí ó kìlọ̀ pé a kò gbọdọ̀ ṣí i nígbà tí ó bá gbóná, nítorí pé omi tí a dé mọ́lẹ̀ bẹ́ẹ̀ máa ń gbóná kọjá ìwọ̀n híhó láìhó, wà ní ìdajì kejì. Omi ru sókè, orí ló kó mi yọ tí kò bó mi lójú. Fìlà mi fò lọ bà sórí iṣu, ewúrẹ́ sì bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ ẹ́ láìyára.

Ìjọba àpapọ̀ ka ènìyàn 1,277,714 ní Alímọ̀ṣọ́, ìjọba ìbílẹ̀ tí Ìkòtún wà, nígbà ìkànìyàn 2006, ó sì dá mi lójú pé èyí tó pọ̀ jù nínú wọn ló wá gbà mí nímọ̀ràn lọ́jọ́ náà. Ọ̀kan ní púlọ́ọ̀gì ni. Ọ̀kan ní kí n ronú nípa àwọn ará ilé mi. Ìyá kan tó ń ta omi inú ọ̀rá ní kí n fi omi tútù pa iná inú rẹ̀, mo sì ra omi tó ti fẹ́rẹ̀ẹ́ di yìnyín, mo ń tú u sínú ẹ́ńjìnì gbígbóná, ọ̀rá kan tẹ̀lé òmíràn, títí mo fi gbọ́ “kẹ́ẹ́!” nísàlẹ̀. Irin líle ni ara ẹ́ńjìnì yìí, ṣùgbọ́n alumíníọ̀mù ni ọmọrí tó bò ó, èyí tí àwọn mẹkáníìkì ń pè ní tọ́ọ̀pù sílíńdà, alumíníọ̀mù sì yá wú, ó yá sún kì, ju irin lọ. Nígbà tí mo rọ̀jò omi dídì lé e lórí, ṣe ló sún kì lójijì. N kò mọ èyí nígbà náà. Ohun tí mo mọ̀ ni pé omi ṣì ń dínkù, awakọ̀ àgbà kan sì kọ́ mi lọ́gbọ́n pé bí a bá da ẹyin tútù sínú rèdíétọ̀, yóò jinná síbi tó ń jò, yóò sì dí i. Mo ra ẹyin, mo sì fọ́ ọ sínú rẹ̀ pẹ̀lú funfun àti pupa.

Ọkọ̀ dún, ó tu èéfín funfun bí ti ìdí àgbàdo sísun, ó sì kú. Kẹ̀kẹ́ Márúwá ló kó ẹrù dé Ìgandò. Alága ìjókòó bu owó ìtanràn lé ìdílé wa fún pípẹ́, ó tún bu òmíràn lé mi fún wíwá sí òde láìdé fìlà. Nígbà tí mo bẹ̀rẹ̀ sí í ṣàlàyé ibi tí fìlà wà, ó bu ẹ̀kẹta.

Ní Ẹ̀gbẹ́dá, ọmọkùnrin náà kò bá mi sọ̀rọ̀ púpọ̀. Ó fa géèjì ọ́ìlì yọ, ọ́ìlì ti dà pọ̀ mọ́ omi, ó funfun, ó sì ki. Ó tú tọ́ọ̀pù náà sílẹ̀, ó fi kẹrosíìnì pa á lójú, ó nù ún títí ó fi gbẹ, ó wá bojú wò mí: “Tíṣà, ẹ ò lè ṣàìní ṣọ́ọ̀kì nílé.” Mo lọ mú un wá. Ó lọ̀ ọ́ kúnná, ó fi kùn ún, a sì dúró. Díẹ̀díẹ̀ ni ṣọ́ọ̀kì ń fa kẹrosíìnì tó ti fara pamọ́ síbi tí tọ́ọ̀pù náà ti sán jáde, títí ìlà tẹ́ẹ́rẹ́ kan fi yọ láti àárín fáàfù méjì, tó rìn lọ sí ihò púlọ́ọ̀gì. Mo ti fi ṣọ́ọ̀kì fa ìlà fún ìran ọmọ méjì, n kò rí èyí tó tọ́ tó bẹ́ẹ̀ rí.

Ó ní kí a jọ lọ sí ọjà Ládípọ̀ ní Múṣin lọ ra tọ́ọ̀pù tòkunbọ̀. Mo ní rárá, nítorí mo ti pinnu lọ́kàn ara mi pé yóò yí owó lé e. Èmi nìkan ni mo lọ. Oníṣòwò náà bi mí tìrẹ̀lẹ̀tìrẹ̀lẹ̀ pé, “Bàbá, ti bẹntiróòlù ni àbí ti dísẹ́ẹ̀lì?” Ẹnu àìmẹ́nu, ètè àìmétè, ní í mú ọ̀ràn bá ẹ̀rẹ̀kẹ́. Kí ó má baà mọ̀ pé n kò mọ̀, mo ní, “Èyí tó lágbára jù ni kí o gbé fún mi.” Ó gbé e fún mi. Mo gbé irin náà lé itan nínú dáńfó, kọ́ńdọ̀ gba owó ènìyàn méjì lọ́wọ́ mi, gírísì sì gba bùbá funfun mi.

Ọmọkùnrin náà yí i síhìn-ín, ó yí i sọ́hùn-ún, ó wá pe àwọn ọmọṣẹ́ rẹ̀ kí wọ́n wá wò ó.

“Tíṣà, níbo ni púlọ́ọ̀gì máa wọ̀ nínú èyí?”

“Ṣé ẹ ò lè lu ihò sí i ni?”

Kò dá mi lóhùn. A jọ padà lọ, oníṣòwò náà gbà á, ó yọ owó tirẹ̀ níbẹ̀, ó sì rán mi létí pé òun bi mí. Òmíràn tí a rà, mẹkáníìkì fi ṣọ́ọ̀kì dán an wò kí ó tó jẹ́ kí n kó owó sílẹ̀.

Ìwọ̀nba ohun tó kù kò tó ìròyìn, àfi ti bóòtù. Láti àárín ni wọ́n ti ń dì í, díẹ̀díẹ̀, lọ sí etí, kí tọ́ọ̀pù má baà wọ́. Nígbà tí ọmọkùnrin náà lọ jẹun, mo ràn án lọ́wọ́, mo bẹ̀rẹ̀ láti etí tó sún mọ́ mi, mo sì fi gbogbo agbára mi dì í. Ó dé, ó tú gbogbo rẹ̀, ó ju gásikẹ́ẹ̀tì tuntun nù, ó gba sípánà lọ́wọ́ mi, ó ní, “Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, àga wà lábẹ́ igi.” Tẹmọ́sítáàtì padà sí ààyè rẹ̀ lọ́jọ́ náà.

Nígbà tó kọ ìwé owó fún mi, mo kà á láti òkè dé ìsàlẹ̀, mo sì rí i pé ó ya ìlà kan sọ́tọ̀ níparí: “Yíyọ ẹyin jíjinná kúrò nínú rèdíétọ̀.” Mo bẹ̀ ẹ́ títí pé kó dín in kù. Ó ní òórùn rẹ̀ ò tíì kúrò lára òun, kò sì dín kọ́bọ̀.