Ta Ló Fi Bàtà Sínú Ọbẹ̀ Mi?

Ẹ ti gbọ́ ohun tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Muhammad Yakubu wí ní 2022, mi ò ní máa fà á gùn. Ọ̀jọ̀gbọ́n náà, tó jẹ́ ọ̀gá àgbà nígbà náà ní NILEST, iléeṣẹ́ ìjọba àpapọ̀ tó ń rí sí ìmọ̀ awọ ní Zaria, fi àwa tí à ń jẹ pọ̀nmọ́ sùn. Ó ní jíjẹ tí à ń jẹ ẹ́ wà lára ohun tí kò jẹ́ kí iṣẹ́ awọ gbérí ní Nàìjíríà, pé àwọn ó lọ bá àwọn aṣòfin àti àwọn ìjọba ìpínlẹ̀ kí wọ́n fi òfin dè é. Ó ní kò ṣe ara lóore kankan. Ó tún ní níwọ̀n ibi tí òun mọ̀ dé, àwa nìkan láyé la sọ awọ di oúnjẹ pàtàkì.

Àwa nìkan kẹ̀! Ṣé ọ̀jọ̀gbọ́n ò tíì dé Accra ni? Wele tí wọ́n ń fi lé waakye lórí níbẹ̀, kí ni bí kò ṣe awọ màlúù? Àwọn ará Indonesia ń fi awọ màlúù se krecek, wọ́n sì ń dín in jẹ bí ìpékeré. Ẹ̀wà ni àwọn ará Jamaica ń sè é mọ́. Òyìnbó tó ń yínmú sí pọ̀nmọ́ ń yọ gelatin lára awọ màlúù, ó ń fi ṣe súìtì fọ́mọdé, ó ń fi ṣe èèpo kápúsù oògùn. Ẹni tó bá gbé kápúsù mì lánàá, àfàìmọ̀ kó má ti jẹ pọ̀nmọ́ òyìnbó. Bí òfin bá dé, kó yà sí ilé ìwòsàn pẹ̀lú.

Àríyànjiyàn náà ti dé ilé oníyán. Ilé oníyán àtijọ́ ni mo wí o, irú èyí tó ṣì kù ní Òkèṣà l'Ádó-Èkìtì, tí ẹ ó ti máa gbọ́ ìró ọmọ odó láti títì, kì í ṣe ibi tí wọ́n ti ń ro ìyẹ̀fun sínú omi gbígbóná tí wọ́n ń pè é ní iyán. (Ẹni tó ń jẹ poundo l'Ékìtì ni kí òfin kọ́kọ́ mú ná.) Ìyá oníyán jókòó ti ìkòkò, ó ń fi fọ́ọ̀kì gún ẹran sókè lọ́kọ̀ọ̀kan kí oníbàárà lè rí i: ṣàkì, fùkù, ẹ̀dọ̀, ọ̀yà bí àpò bá gbà á. Pọ̀nmọ́ ló kẹ́yìn. Ó nípọn, ó ń dán, epo ń ro tótó létí rẹ̀.

"Tíṣà, ẹran mélòó?"

Tíṣà ti fẹ̀yìntì tipẹ́. Ó tún awò ojú rẹ̀ ṣe, ó ní: "Ìyá, ẹ jẹ́ kí ẹran sinmi. Ẹ fún mi ní bẹ́líìtì méjì."

Gbogbo ilé bú sẹ́rìn-ín. Ẹnì kan ní sálúbàtà ẹsẹ̀ òsì ni kí wọ́n bù fún òun, pé òun ti jẹ tọ̀tún lánàá. Mo gbé tèmi lé àtẹ́lẹwọ́, mo wò ó tọ̀tún tòsì. Kò lè tó gìgísẹ̀ bàtà ọmọ ìkókó. Ṣé èyí náà ló wá ti iléeṣẹ́ pa? Bí wọ́n bá sì ṣòfin ọ̀hún, ta ni yóò máa mú wa? Ṣé kọ́sítọ́ọ̀mù ni yóò já wọlé, tí yóò ki ìgbakọ bọ ẹ̀gúsí, tí yóò ní, "Ìyá, bàtà mélòó lẹ sè lónìí? Ẹ mú rìsíìtì wá"? Àbí ọlọ́pàá ni yóò gbé pọ̀nmọ́ lọ sí kóòtù gẹ́gẹ́ bí ẹ̀rí? Adájọ́ á sún ẹjọ́ síwájú, wọ́n á padà dé, wọn ò ní bá ẹ̀rí mọ́. Kò sẹ́ni tí ò mọ ẹni tí yóò jẹ ẹ́.

Ọ̀jọ̀gbọ́n, awọ tí Kano àti Sókótó fi lókìkí láti ayé ràkúnmí, tí òyìnbó ń pè ní awọ Morocco nítorí pé ọ̀nà ibẹ̀ ló gbà dé ọwọ́ wọn, awọ ewúrẹ́ ni. Ewúrẹ́ pupa Sókótó. Pọ̀nmọ́ Òkèṣà ò bá wọn dá sí i. Bí ẹ bá ní kí á mú àwọn tó ń fi táyà jó awọ màlúù, tí wọ́n ń fi èéfín rẹ̀ bọ́ wa, èmi ni n ó gbé ìlù yín. Ṣùgbọ́n bó bá jẹ́ pé ẹnu ló ń pa iléeṣẹ́, ta ló jẹ bíríkì Ìrè? Iléeṣẹ́ bíríkì wà ní Ìrè-Èkìtì níbí, ọ̀pọ̀ ọdún ló fi dákẹ́ lọ gbári. Mi ò tíì rí ẹni tó fi bíríkì jẹ iyán.

Ẹ wo ibi tí wọ́n ti ń jẹ ẹran yó ná. Ní Brooklyn, New York, ilé ẹran kan wà tí wọ́n ń pè ní Peter Luger. Láti 1887 ni wọ́n ti ń sun ẹran màlúù tà níbẹ̀. Wọ́n á gbé e dé tòun teegun, ọ̀rá á máa ta lórí rẹ̀, ẹni méjì á sì jókòó tì í. Ká ní ọwọ́ ìyá oníyán wa ló bọ́ sí, ilé ìsọmọlórúkọ ló máa fi bọ́. Ẹni tó jẹ ìyẹn yó, kí ló fẹ́ fi pọ̀nmọ́ ṣe? Ẹran dé ikùn wọn, ni awọ fi ráyè di bàtà.

Ẹ jẹ́ ká fi ẹ̀fẹ̀ sílẹ̀. Ọ̀pọ̀ tó ń jẹ pọ̀nmọ́ nílùú yìí, ẹran ló sá fún wọn. Ní 2022 tí ọ̀jọ̀gbọ́n sọ̀rọ̀, 30,000 náírà ṣì ni owó oṣù òṣìṣẹ́ tó kéré jù, bó ṣe wà láti 2019, ẹni tó ń gbà á nígbà náà sì ní ìyàwó, ó lọ́mọ, ó ń san owó ilé. Ọjọ́ 14 oṣù Kejì ọdún náà ni àwọn olùkọ́ yunifásítì daṣẹ́ sílẹ̀, àwọn ọmọ wa jókòó sílé tí wọ́n ń ka òrùlé, àìrí ẹran jẹ sì ti di ẹ̀ṣẹ̀ ẹni tí kò rí i rà. Ìwà ìkà ni! Tí ìjọba ò bá lè mú ẹran sún mọ́ wa, kó fi awọ sílẹ̀ fún wa.

Èmi gan-an o, kódà bí ẹran bá di ọ̀fẹ́, n ó ṣì máa jẹ pọ̀nmọ́ mi.

Ó kù síbì kan. Ọjọ́ 16 oṣù Kẹwàá 2022 ni Biodun Oyebanji búra wọlé gẹ́gẹ́ bí gómìnà Èkìtì. Ẹ̀yin tí ẹ máa ń gba iṣẹ́ oúnjẹ irú ọjọ́ bẹ́ẹ̀, a ti mọ̀ yín: ọ̀yà lẹ́yìn aṣọ títa fún àwọn ọlọ́lá, pọ̀nmọ́ níwájú fún mẹ̀kúnnù. A gbà fún yín. Ṣùgbọ́n ẹ fojú kan odó. Ẹni tó bá gbé poundo fún wa l'Ádó lọ́jọ́ bẹ́ẹ̀, òun gan-an la máa fi ṣe bàtà.