Ìdọ̀bálẹ̀ Lọ, Ìwà Ò Dé

Àwọn àgbà ní ìdọ̀bálẹ̀ kì í ṣe ìwà. Ohun tójú wọn rí ni wọ́n sọ: ẹlòmíì á na gbalaja níwájú rẹ láàárọ̀, á sì fi ahọ́n bà ọ́ jẹ́ kílẹ̀ tó ṣú. Àwọn ọkùnrin òde òní gbọ́ òwe yìí, wọ́n tiẹ̀ gbọ́ ọ ju bó ṣe yẹ lọ. Wọ́n ní nígbà tí kì í ti í ṣe ìwà, kí la wá ń bá a ṣe? Wọ́n jù ú nù. Àwa wá jókòó, à ń retí ìwà tí yóò rọ́pò rẹ̀.

Ẹ wò wọ́n nínú dáńfó. Géńdé á ya ẹsẹ̀ bí ẹni tó ń wọn ilẹ̀ tó fẹ́ rà, ìyá arúgbó tó gbé apẹ̀rẹ̀ tòmátò lé itan á máa rọra fìdí há létí ìjókòó. Fóònù á dún. Kò ní í gbé e sétí, sípíkà ló máa tẹ̀, kí gbogbo ọkọ̀ lè jọ gbọ́ bí ẹni tó yá a lówó ṣe ń bú u. Nígbà tí ọkọ̀ BRT bẹ̀rẹ̀ sí í ná Mile 12 sí CMS lọ́dún 2008, tí a ń tò kí a tó wọlé, mo rò pé ìlà á kọ́ wa. Kọ́ ta ni?

Èyí tó ń pa mí lẹ́rìn-ín jù ni ti Gẹ̀ẹ́sì. Yorùbá ní “o”, ó ní “ẹ”, ọmọdé tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń sọ̀rọ̀ ti ń kọ́ èyí tó kan àgbà. Géńdé tí kò fẹ́ sọ “ẹ”, tí ẹnu rẹ̀ ò sì gbà á láti sọ “o”, á fò sínú Gẹ̀ẹ́sì fìrì, níbi tí “you” kan ṣoṣo wà fún ọba àti ajá rẹ̀. Ó ti bọ́ nìyẹn. Ó pè é ní ọ̀làjú.

Àwọn tó ṣì ń dọ̀bálẹ̀ wà o, lórí WhatsApp. “Mo dọ̀bálẹ̀, mà.” Orí ibùsùn ló wà tó ń tẹ̀ ẹ́. Ká má purọ́ mọ́ ọn, ó kúkú nà sílẹ̀. Ẹ̀yìn ló kàn fi lélẹ̀ dípò àyà.

Ibi ìdána nìkan ni ojúlówó rẹ̀ ṣẹ́kù sí. Mo lọ sí ọ̀kan láìpẹ́ yìí. Ọkọ ìyàwó àtàwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ jó wọlé nínú léèsì funfun, fìlà wọn gẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Wọ́n dọ̀bálẹ̀. Alága ìjókòó ní ikùn ló kanlẹ̀, àyà ò kàn án. Ó bu owó ìtanràn lé wọn. Wọ́n san, wọ́n tún dọ̀bálẹ̀. Bí wọ́n ṣe fẹ́ dìde ni ayàwòrán figbe ta: drone òun ò tíì gòkè, ẹ jọ̀ọ́, ẹ tún un ṣe. Ọkọ ìyàwó tún un ṣe, ó gbójú sókè, ó rẹ́rìn-ín sí kámẹ́rà. Ìyá ìyàwó tó ti na ọwọ́ àtisúre dá ọwọ́ náà dúró sófuurufú títí drone fi sọ̀.

Òwe yẹn ò kúkú ní ká má dọ̀bálẹ̀. Ó ní kó má tán síbẹ̀ ni.

Nígbà tí òde tú, mo wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ géètì. Bàbá tó ń ṣọ́ ọ, irùngbọ̀n rẹ̀ funfun ju léèsì wọn lọ, ń gbé àga kúrò lọ́nà. Jíìpù ọkọ ìyàwó dé, ó fọn fèrè lẹ́ẹ̀mẹta. Ó yọrí síta. Lọ́jọ́ náà, kò fò sínú Gẹ̀ẹ́sì.

“Ìwọ! Ṣé o ò rí mi ni? Ṣí géètì!”

Bàbá sáré ṣí i, ó tẹrí ba díẹ̀. “Ẹ kú ìnáwó o, ọ̀gá. Ẹ̀yìn ìyàwó ò ní mẹ́ní o.”

Gíláàsì ọkọ̀ ti gòkè tán kó tó dé “ìyàwó”.