Abéèrè Ṣìnà

Abéèrè kì í ṣìnà. Àgbà tó pa òwe yìí kò lo kọ̀ǹpútà Linux rí. Lórí Linux, abéèrè a máa ṣìnà gan-an, nítorí ẹni tó ń bi léèrè.

Ẹ tẹ ping 8.8.8.8, èsì ń wọlé wẹ́rẹ́. Ẹ tẹ ping google.com, ó ní "Temporary failure in name resolution". Íntánẹ́ẹ̀tì wà, dátà ò tán. Orúkọ ni kọ̀ǹpútà ò mọ nọ́ńbà rẹ̀. Láyé àtijọ́, ọ̀dọ̀ Elizabeth Feinler àti àwọn ènìyàn rẹ̀ ní Menlo Park, California, ni àkọsílẹ̀ orúkọ gbogbo ẹ̀rọ wà, nínú fáìlì kan ṣoṣo tó ń jẹ́ HOSTS.TXT. Òwe àgbà bá ìgbà yẹn mu. Ẹ̀rọ pọ̀, apá ò ká a mọ́, ni Paul Mockapetris bá gbé DNS, ètò tó ń wá nọ́ńbà orúkọ, kalẹ̀ ní 1983.

Ẹ wá wo ọmọ aráyé nígbà tí DNS bá kú mọ́ ọn lọ́wọ́. Ẹni àkọ́kọ́ tó bi ní kó kọ nameserver 8.8.8.8 sínú /etc/resolv.conf. Ó kọ ọ́, ojú ewé ṣí, inú rẹ̀ dùn. Ilẹ̀ mọ́, ohun tó kọ ti pòórá, torí NetworkManager tàbí systemd-resolved ló ń tún fáìlì yẹn kọ. Ẹnì kejì ní kó fi chattr +i tì í pa. Ó tì í. Ó gbé láptọ́ọ̀pù dé ibi iṣẹ́, kò rí ẹ̀rọ kankan tí DNS ibẹ̀ nìkan mọ orúkọ rẹ̀. Ẹnì kẹta, ọ̀gá pátápátá, ní kó pa gbogbo rẹ̀ rẹ́, kó gbé Linux mìíràn lé e. Orí ń fọ́ ọ, wọ́n ní kó lọ bẹ́ ẹ!

Kọ̀ǹpútà tó wà níwájú rẹ̀ gan-an ni kò bi ní nǹkan kan. Bí systemd-resolved bá ń ṣiṣẹ́ lórí rẹ̀, àṣẹ kan ṣoṣo ni, resolvectl status: yóò sọ ẹni tí ẹ̀rọ ń bi lọ́nà, lórí wáì-fáì àti lórí wáyá. (127.0.0.53 tí ẹ bá rí nínú resolv.conf kì í ṣe àrùn o. Systemd-resolved ló jókòó síbẹ̀ tó ń bá ẹ̀rọ béèrè níta.) Ẹ lè bá àdírẹ́sì VPN tó ti já níbẹ̀. Òkú ni kọ̀ǹpútà ń bi lọ́nà látàárọ̀!

Ẹ jọ̀wọ́, kí ẹ tó pa ohunkóhun rẹ́, ẹ tẹ resolvectl status ná. Bí VPN ló fa á, ẹ pa á, kí ẹ já wáì-fáì, kí ẹ tún un so. Bó bá ṣì kọ̀, sudo systemctl restart systemd-resolved wà níbẹ̀, kò sì ní pa fáìlì yín kankan rẹ́.