Síídì Tí Wọ́n Jó, Tí Kò Jẹ́ Ká Jó

Lẹ́tà mọ́kànlá ló wọlé lórí síídì tí ẹ fúnra yín bọ́ọ̀nù nílé. Márùn-ún ti di pépà àkàrà. Ẹni tó ń bèèrè bóyá òun lè fi ọṣẹ àti omi fọ tiẹ̀: fọ̀ ọ́, ṣùgbọ́n gbé kànrìnkàn jìnnà. Ẹni tó ní ayé ló ń ṣe síídì òun: yí ojú rẹ̀ padà ná, ìka ọlọ́bẹ̀ gbẹ̀gìrì ni mò ń rí láti ibi tí mo jókòó sí yìí.

*Ẹ̀gbọ́n Onímọ̀ràn, alága ìjókòó ni mí. Mo bọ́ọ̀nù orin 150 sórí síídì kan. Nílé, ó ń kọ lórí kọ̀ǹpútà bí ẹyẹ ìbákà. Ní gbọ̀ngàn, ẹ̀rọ wọn ní òun ò rí nǹkan kan. Ìyàwó ti wà lẹ́nu ọ̀nà, ó ti gbé ẹsẹ̀ kan sókè. — Alága, Ìbàdàn*

Ìyá Alága, ẹ kú ìtìjú. Orin 150! Ìṣẹ́jú 80 péré ni inú síídì orin gbà. Àpò MP3 lẹ dì yẹn, èyí tí kọ̀ǹpútà ń pè ní “Data”. Kọ̀ǹpútà ní eyín tó fi ń jẹ MP3, ẹ̀rọ àtijọ́ ò ní. Ẹ gbé eegun fún ọmọ ọwọ́, ẹ ní kò jẹun. Lọ́jọ́ mìíràn, ibi tí wọ́n kọ “Audio CD” sí ni kí ẹ tẹ̀. Kí ẹ sì jẹ́ kí kọ̀ǹpútà parí iṣẹ́ kí ẹ tó yọ ọ́. Síídì tí wọn ò bọ́ọ̀nù parí (finalize), ilé tí wọ́n bí i sí nìkan ni wọ́n ti ń dá a mọ̀. CD-R ni kí ẹ rà. CD-RW kì í dá ìmọ́lẹ̀ padà dáadáa, ojú ẹ̀rọ àgbà ò sì gbé e. Ohun kan ló yà mí lẹ́nu: ẹnu tó gba owó ẹnu ọ̀nà lẹ́ẹ̀mẹ́ta lọ́wọ́ ẹbí ọkọ, ṣé orin kan ò sí nínú ẹ̀ ni?

*Mo lẹ fọ́tò ìyàwó mi mọ́ síídì. Ó ń gbọ̀n, orin tó kẹ́yìn sì ń fò. — Ọkọ Adúmáadán, Abẹ́òkúta*

Síídì ń yí tó ìgbà 500 láàárín ìṣẹ́jú kan nígbà tó bá ń bẹ̀rẹ̀ láti inú. Pépà tó bá tẹ̀ sápá kan á máa fà á. Orin tó kẹ́yìn ló sì wà létí, níbi tí gbígbọ̀n ti pọ̀ jù. Má ṣí pépà náà, fàdákà ara rẹ̀ á bá a lọ. Bọ́ọ̀nù òmíràn, fi máákà rírọ̀ kọ orúkọ sí i. Bírò á há a. Kí o sì pa ọ̀rọ̀ yìí mọ́ sínú. Ọjọ́ tí o bá sọ fún un pé fọ́tò òun ló wúwo jù, ìta lo máa sùn.

*Ní 2006, ẹ̀gbọ́n mi gba ohùn ìyá wa sílẹ̀ sórí síídì, níbi tí wọ́n ti ń ki àwa ọmọ ní oríkì. Wọ́n ti lọ. Tó bá kan oríkì tèmi báyìí, á kólòlò, á dákẹ́. — Àbíkẹ́yìn, Òṣogbo*

Àbúrò mi, má gbé e sí rédíò mọ́. Síídì inú ọjà, wọ́n tẹ orin mọ́ ọn lára bí ẹni fín igbá. Tilé, aró ni. Inú aró yẹn ni iná laser kọ ohùn màmá sí, aró sì ń ṣá. Fi aṣọ rírọ̀ nù ún láti àárín lọ sí etí, má nù ún yípo. Kí kọ̀ǹpútà dà á kọ, jẹ́jẹ́. Bí èyí bá kọ̀, wá òmíràn, tún wá òmíràn, ojú wọn ò dọ́gba. Bí èyí tí ẹ̀gbọ́n rẹ fi bọ́ọ̀nù ún bá ṣì wà, ibẹ̀ ni kí o kọ́kọ́ gbé e lọ. Ohun tí o bá rí gbà, fi pamọ́ sí ibi mẹ́ta, kí ọ̀kan wà lọ́wọ́ ẹlòmíràn. Kó o tó ṣe ìyẹn pàápàá, lọ bá ẹ̀gbọ́n rẹ. Ó wà níbẹ̀ lọ́jọ́ náà. Ní kó kì ọ́.

*Síídì fújì tó wà lórí dáṣíbọ́ọ̀dù mi kò kọ mọ́. — Dẹ́rẹ́bà, Mushin*

Ẹ bọ́ọ̀nù ún lẹ́ẹ̀kan, oòrùn Èkó tún un bọ́ọ̀nù. Ẹ lọ so ó mọ́ igi lóko àgbàdo kó máa kọ mànà. Ẹyẹ ò ní bi í bóyá Audio ni tàbí Data. Àwọn èrò ọkọ̀ yín sì ní kí n bá àwọn kí oòrùn.