Kámẹ́rà Àtijọ́, Gèlè Ọ̀tun

Gèlè ò dùn bíi ká mọ̀ ọ́n wé. Ká mọ̀ ọ́n wé ò dùn bíi kó yẹni. Ìpele mẹ́ta ni àwọn àgbà tò síbẹ̀: ká ní in, ká mọ ìlò rẹ̀, kó sì báni mu. Lóde òní, èkíní nìkan là ń gbé kiri. Ní Alímọ̀ṣọ́, níbi tí òde àríyá kì í ti í wọ́n ní òpin ọ̀sẹ̀, láti Ẹ̀gbẹ́dá dé Ìkòtún títí wọ Ìgàǹdó, ayàwòrán ti pọ̀ débi pé kámẹ́rà tuntun olówó gọbọi kò tún ya ẹnikẹ́ni sọ́tọ̀ mọ́. Ẹni tó bá wá fẹ́ kí ojú máa wo òun á gba ẹ̀yìn yọ: á ra kámẹ́rà tòkúnbọ̀ tó dàgbà jù ú lọ, ti fíìmù 120, Yashica tàbí Rolleiflex, Mamiya tàbí Hasselblad, irú èyí tí èèyàn ń tẹrí ba wò kó tó rí ohun tó fẹ́ yà. Kò sí àbùkù nínú ìyẹn. Àwòrán tó ń jáde látinú wọn ṣì dára gan-an. Àmọ́ kámẹ́rà kò tíì délé tán tí ọ̀gá fi ń wá gèlè fún un: fláàṣì, fílítà, húùdù, lẹ́ńsì kejì, àpótí fíìmù mìíràn. Ìbéèrè méjì péré ló ń bi ẹni tó ń tà á: èló ni, ṣé dúdú ni àbí fàdákà? "Ọ̀gá mi, ẹ fọkàn balẹ̀, gbogbo ẹ̀ ló ń wọ ara wọn," ni wọ́n á fi dá a lóhùn, òun náà á sì sanwó.

Tèmi ni pé, tó bá di ọ̀rọ̀ kámẹ́rà àtijọ́, ìpele kẹta òwe yẹn ló yẹ kó ṣíwájú. Ti gèlè, ojú ẹni tó ń wò ó ló ń sọ pé ó yẹ tàbí kò yẹ. Ti kámẹ́rà, ilé iṣẹ́ tó ṣe é ti parí ẹjọ́ náà kí wọ́n tó bí ẹni tó ń rà á, kálukú wọn ló sì dá ìwọ̀n tirẹ̀. Etí lẹ́ńsì tí wọ́n ń fi húùdù àti fílítà há sí nìkan, ẹ wò ó: Rolleicord àti Yashica Mat 124 G ń lo Bay I, Rolleiflex 3.5F ń lo Bay II, Rolleiflex 2.8F ń lo Bay III. Ẹni tó bá ra húùdù Bay III fún Yashica, ẹ̀gbà ọwọ́ ló rà. Hasselblad náà kò gbẹ́yìn. 1600F tó jáde ní 1948 àti 1000F tó tẹ̀ lé e ní 1952, inú kámẹ́rà fúnra rẹ̀ ni ṣọ́tà wọn, ìyẹn ilẹ̀kùn tó ń ṣí fún ìmọ́lẹ̀, wà. Nígbà tí 500C dé ní 1957, ṣọ́tà ti kó lọ sínú lẹ́ńsì. Orúkọ kan náà, ilé iṣẹ́ kan náà, ìrísí kan náà, síbẹ̀ lẹ́ńsì ti ìṣáájú kò wọ èyí tó dé lẹ́yìn. Kiev 88 tí wọ́n ṣe ní Ukraine tún wá fi ojú jọ Hasselblad ìṣáájú wọ̀nyẹn débi pé ẹni tí kò wò ó dáadáa á kí i ní mọ̀lẹ́bí. Ẹ gbé àpótí fíìmù rẹ̀ sẹ́yìn Hasselblad wò, kò ní dè, àfi tí wọ́n bá fi ayùn ṣe é. Ti Mamiya tún ṣe ọ̀tọ̀: lẹ́ńsì RB67 tó jáde ní 1970 ń ṣiṣẹ́ lára RZ67 tó jáde ní 1982, ti RZ kò ṣiṣẹ́ lára RB. Ẹni tó bá gbọ́ apá kìíní ọ̀rọ̀ yìí tó sì sáré lọ sanwó ti gbọ́ ààbọ̀ ìròyìn.

Gbogbo èyí tí mo kà yìí, aláàánú ni wọ́n. Ohun tó bá kọ̀ tí kò wọlé ti sọ òótọ́ fún olówó rẹ̀ ní ojúkojú. Owó nìkan ló bá a lọ. Èyí tó ń pa ayàwòrán ni ohun tó wọlé wọ́ọ́rọ́ tí kò sì yẹ. Ẹ̀rọ tó ń wọn ìmọ́lẹ̀ lára Yashica Mat 124 G, bátìrì mákúrì PX625 tó ní fólìtì 1.35 ni wọ́n ṣe é fún. Nítorí májèlé inú rẹ̀, òfin Amẹ́ríkà lé irú bátìrì bẹ́ẹ̀ kúrò lọ́jà ní 1996. Èyí tí wọ́n ń tà báyìí, PX625A, bákan náà ni ó tóbi mọ, ó ń jókòó sí àyè rẹ̀ láìjà láìta, abẹ́rẹ́ mítà sì ń gbéra. Fólìtì 1.5 ló ní. Abẹ́rẹ́ á gbéra ju bó ṣe yẹ lọ, á máa sọ pé ìmọ́lẹ̀ pọ̀ níbi tí kò pọ̀, ayàwòrán á gbà á gbọ́, á dín ìmọ́lẹ̀ kù, àwọ̀ dúdú tiwa á sì wọ inú òkùnkùn lọ láì fi ìlà ojú sílẹ̀. Bẹ́ẹ̀, bátìrì kékeré 675 tí àwọn tó ń lo ẹ̀rọ ìgbọ́ràn máa ń rà, tó ní fólìtì 1.4, ì bá ti tó fún un. Kò wọ́n, kò sì ní ẹwà kankan tí èèyàn lè yà hàn lórí Instagram. Bóyá ohun tó bà á jẹ́ nìyẹn.

Fláàṣì tún burú jù bẹ́ẹ̀ lọ. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ lẹ́ńsì àtijọ́ ti Hasselblad 500C, irin kékeré kan wà tí kò ju èékánná ọmọdé lọ, lẹ́tà mẹ́ta ló wà níbẹ̀: V, X, M. M jẹ́ ti gílóòbù fláàṣì ayé ọjọ́un, tó ń jó lẹ́ẹ̀kan tí wọ́n á sì jù ú nù. Nítorí pé kì í tètè gbiná tán, ṣọ́tà ní láti dúró dè é díẹ̀ kó tó ṣí. X ni ti fláàṣì oníná tí gbogbo wa mọ̀. Bí irin náà bá wà lórí M tí ayàwòrán so fláàṣì òde òní mọ́ ọn, wáyà á wọlé, iná á bù yẹ̀rì, ìyá ìyàwó á pajú pọ́, á rẹ́rìn-ín, á tún gèlè ṣe, á ní kí wọ́n tún un yà. Ìmọ́lẹ̀ ti wá, ó ti lọ, kí ṣọ́tà tó lajú. Méjìlá ni wọ́n máa yà tán bẹ́ẹ̀. Ìgbà tí fíìmù bá ti ibi tí wọ́n ti ń fọ̀ ọ́ dé ni wọ́n á tó rí i pé kò sí ẹnì kan lórí rẹ̀, wọ́n á sì máa bú fíìmù.

Mo mọ ohun tí wọ́n á sọ. Wọ́n á ní Yorùbá kan náà ló ní bí a gúnyán nínú ewé, tí a sebẹ̀ nínú èèpo ẹ̀pà, ẹni máa yó á yó. Pé àdápítà wà, pé ọwọ́ àwọn oníṣẹ́ wa gbẹ́bọ, kò sí ohun tí wọn ò lè mú bára mu. Òótọ́ wà níbẹ̀. Ayàwòrán J. D. 'Okhai Ojeikere, tí wọ́n bí ní 1930 tó sì kú ní 2014, kámẹ́rà Brownie D tí kò ní fláàṣì ló fi bẹ̀rẹ̀ ní 1950, kó tó di pé ní 1968 ó dáwọ́ lé àwòrán irun dídì àwọn obìnrin wa, tí iye rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ tó 1,000. Brownie yẹn, fíìmù 620 ló ń lò. Fíìmù 120, tí Kodak gbé jáde ní 1901, kò fi fífẹ̀ tàbí gígùn yàtọ̀ sí 620. Ọ̀pá tí wọ́n ká ti 620 lé ló tẹ́ẹ́rẹ́, tí etí rẹ̀ kéré. Nígbà tí Kodak jáwọ́ nínú 620 ní 1995, ohun tí àwọn tó ní kámẹ́rà bẹ́ẹ̀ ṣe ni pé wọ́n ń ki ọwọ́ méjèèjì bọ àpò dúdú, wọ́n ń tú 120, wọ́n ń fi ọwọ́ lásán ká a padà sórí ọ̀pá 620. Ọgbọ́n nìyẹn, mo sì kí wọn. Ṣùgbọ́n ẹ kíyè sí i pé ẹni tó lè ṣe é ni ẹni tó ti mọ ibi tí méjèèjì ti yàtọ̀ àti ibi tí wọn ò ti yàtọ̀. Ẹni tí kò mọ̀ ló ń ra àpótí fíìmù A24 ti Hasselblad nítorí pé 24 ju 12 lọ, láìbéèrè pé fíìmù 220 ni wọ́n ṣe é fún, fíìmù tí àwọn ilé iṣẹ́ ńlá ti pa tì, tí ìwọ̀nba tó kù lọ́jà kò tó pín.

Àwọn kan á ní ìmọ̀ ẹ̀rọ yìí ti pọ̀ jù fún ẹni tó fẹ́ jẹun òòjọ́. Ẹ wo awakọ̀ dánfó ní gáréèjì Ìkòtún. Bí nǹkan bá bàjẹ́ lára ọkọ̀ rẹ̀, kì í ṣánwọ́ lọ sí ọjà Ládípọ̀. Páàtì tó bàjẹ́ yẹn gan-an ló ń mú dání, pẹ̀lú epo ẹ̀ńjìnnì lára rẹ̀, kí wọ́n gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ èyí tí wọ́n fẹ́ tà fún un, kí wọ́n ka eyín rẹ̀, kó tó fọwọ́ kan àpò. Ọdún tí wọ́n ṣe mọ́tò ni ohun tí wọ́n kọ́kọ́ ń bi í, ó sì mọ̀ ọ́n. Ayàwòrán tó ń dúró ti mẹkáníìkì bẹ́ẹ̀ nítorí ọkọ̀ rẹ̀ kò lè sọ fún mi pé òun ò lè ka nọ́ńbà tó wà lábẹ́ kámẹ́rà. Ti pé èyí tó yẹ wọ́n, mo gbà, ó wọ́n. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá ṣírò owó húùdù, fílítà àti àpótí tí kò bá ara mu, tó ti kó jọ sínú dúrọ́ọ̀, á rí iye fíìmù tó yẹ kó ti yà, kó sì fọ̀. Ẹ wo Sanlé Sory, ayàwòrán tó ṣí sítúdíò Volta Photo ní Bobo-Dioulasso ní 1960: Rolleiflex ló gbé lọ́wọ́, aṣọ tí wọ́n kun àwòrán sí ló ta sẹ́yìn àwọn oníbàárà rẹ̀, àwòrán ìlú náà ló sì kó jọ fún wa.

Ó wá ku àwọn tó ń sòótọ́ ju gbogbo wa lọ: àwọn tó ní fíìmù kò tilẹ̀ sí níbẹ̀, pé orí tábìlì nínú sítúdíò ni kámẹ́rà náà ń jókòó sí kí oníbàárà lè bọ̀wọ̀ fún àwọn. Mi ò ní ìjà kankan bá wọn. Kí wọ́n fi ohun tó bá wù wọ́n wé e lórí, Bay I, Bay II, Bay III, kò sí èyí tó máa ba àwòrán ẹnikẹ́ni jẹ́. Kí wọ́n ṣáà rántí yọ bátìrì kúrò, kí omi rẹ̀ má baà jò sínú ẹ̀rọ, kí ẹni tó máa rà á lọ́wọ́ wọn lè rí nǹkan lò.