Sùúrùlérè Tó Wà ní Múṣin

Mo ní àbúrò ọkùnrin kan tí kò gbé ibi tó ń gbé rí. Nígbà tó wà ní Ìbàdàn, Agbowó ni ilé rẹ̀ wà, ṣùgbọ́n ẹ bi í léèrè, ẹ ó gbọ́ "Bódìjà." Bí ẹ bá tẹnu mọ́ ọn, á ní "ẹ̀yìn Bódìjà díẹ̀." Ẹ̀yìn Bódìjà náà ló bí ọmọ mẹ́ta sí. Nígbà tí iléeṣẹ́ wọn wá gbé e wá sí Ìkẹjà, ó pè mí lórí fóònù ní aago mọ́kànlá alẹ́, ohùn rẹ̀ rẹlẹ̀ bíi ti ẹni tó fẹ́ yá owó.

"Bọ̀dá mi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi wá ilé. Sùúrùlérè ni mo fẹ́ o."

Mo ní kí ló dé tó fi jẹ́ Sùúrùlérè. Ó ní, "Torí ilé ìwé àwọn ọmọ ni."

"Ilé ìwé wo?"

Fóònù dákẹ́. Mo rò pé nẹ́tíwọ̀kì ló lọ. Kò lọ. Ọ̀gbẹ́ni ń ronú ni, ó sì ti pẹ́ tó ṣe é kẹ́yìn.

Ẹ̀yin bàbá ọmọ, ẹ jẹ́ ká bá ara wa sọ òótọ́ níwọ̀n ìgbà tí àwọn ìyàwó wa kò tíì ka ojú ewé yìí. "Torí àwọn ọmọ" yẹn, ẹnu lásán ni. Torí ọ̀rẹ́ tí ẹ jọ kàwé ni, torí àna ni, torí ìyá ìjọ tí yóò béèrè pé "Ibo lẹ wà ní Èkó báyìí?" ni. Ọmọ ọdún márùn-ún kò mọ ìyàtọ̀ láàárín Sùúrùlérè àti Sókótó. Ohun tó mọ̀ ni pé wọ́n jí òun ní aago mẹ́rin ààbọ̀, wọ́n bu omi tútù sí òun lójú, wọ́n sọ òun sínú bọ́ọ̀sì ilé ìwé bí àpò gaàrí, òun sì sùn lórí èjìká ọmọ ọlọ́mọ títí ilẹ̀ fi mọ́.

Sátidé pé, ájẹ́ńtì dé. Fóònù mẹ́ta, ṣòkòtò kan. Bàtà rẹ̀ ti jẹ títì Èkó títí, títì náà ti wá ń jẹ ẹ́ padà láti gìgísẹ̀. Kó tó gbé ẹsẹ̀ kan, ó gba owó ìwòlé. A sanwó ká tó wo ilé o, àfi bí ẹni pé Ògúǹdé ló fẹ́ ṣeré fún wa. Ká sòótọ́, ó ṣeré náà.

"Dádì, fúláàtì oníyàrá méjì, táìsì látòkè délẹ̀, omi ń yọ, iná Báńdì A. Sùúrùlérè gangan! Ìṣẹ́jú márùn-ún péré sí Ojúẹlẹ́gbá."

Mi ò mọ irú aago tí àwọn ájẹ́ńtì ń lò. Láti Ojúẹlẹ́gbá, a gba Agege Motor Road, a rìn, a làágùn, a nujú. A kọjá Ìdí-Òró. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ́ òórùn ẹja yíyan àti ata gígún láti apá ọjà Ojúwòyè, mo sì mọ̀ nínú mi pé Sùúrùlérè ti pa wá tì tipẹ́. Nígbà tí a dé gẹ́ẹ̀tì ilé náà, ìwé kan wà tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ọn, wọ́n fi yíǹkì pupa kọ ọ́ gàdàgbà: Mushin Local Government. Àbúrò mi kà á. Ó yọ awò ojú rẹ̀, ó nù ún, ó tún un kà. Ó wo ájẹ́ńtì.

"Dádì, ìwé àtijọ́ nìyẹn."

Àtè ẹ̀yìn ìwé náà kò tíì gbẹ.

"Ó dáa, Dádì, Sùúrùlérè Ẹ̀kísítẹ́ńṣọ̀n ni wọ́n ń pe ibí."

Gówọ̀n pẹ̀lú gbogbo ìbọn ọwọ́ rẹ̀, ìpínlẹ̀ 12 péré ló dá sílẹ̀ ní 1967. Ájẹ́ńtì kan ṣoṣo á dá Sùúrùlérè mẹ́rìndínlógún sílẹ̀ kí oúnjẹ ọ̀sán tó jinná. Àbúrò mi fọwọ́ lérí, ó ń bá a jà pé kó dá owó ìwòlé òun padà. Ìyàwó rẹ̀ ní tirẹ̀ kò sọ nǹkan kan. Ó wojú òkè, ó wo aago ọwọ́ rẹ̀, ó sì rọra rìn lọ sí òpin àdúgbò náà bí ẹni tó fẹ́ ra káàdì.

Ohun tó ń pa mí lẹ́rìn-ín nínú ọ̀rọ̀ yìí ni pé Sùúrùlérè tí gbogbo ayé ń dù báyìí, tipátipá ni wọ́n fi kó àwọn kan lọ síbẹ̀. Ní 1955, ìgbìmọ̀ ìjọba tó ń tún Èkó ṣe, LEDB tí àwọn àgbà mọ̀ dáadáa, bẹ̀rẹ̀ sí í wó ilé àwọn èèyàn ní àárín gbùngbùn Ìsàlẹ̀ Èkó. Wọ́n ní ibẹ̀ há, ó sì dọ̀tí. Wọ́n ní kí àwọn ẹbí náà máa lọ sínú ilé tuntun tí wọ́n kọ́ sí Sùúrùlérè. Òyìnbó kan tó ń jẹ́ Peter Marris wá wo bí nǹkan ṣe ń lọ fún wọn, ó sì fi ìwé jáde lórí rẹ̀ ní 1961. Igbe ló bá lẹ́nu wọn. Ọ̀nà jìn, owó ọkọ̀ ń gbóná, ìyá oníṣòwò kò rí oníbàárà mọ́, àwọn tó ti ń jẹun nínú agbo ilé kan fọ́n ká bí ẹyẹ. Nígbà náà, ẹkún ni èèyàn ń sun lọ sí Sùúrùlérè. Lónìí, ẹkún là ń sun pé wọn kò jẹ́ ká wọ̀ ọ́.

Ẹ tún gbọ́ èyí. Ní 1955 kan náà yẹn, Múṣin kò sí lábẹ́ Èkó, abẹ́ ìjọba Ìwọ̀ Oòrùn ló wà. Ìyẹn ni pé nígbà tí ará Ìsàlẹ̀ Èkó ń di ẹrù lọ sí Sùúrùlérè, ọmọ Múṣin ti ń jẹ nínú ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ tí Awólọ́wọ̀ bẹ̀rẹ̀ ní oṣù kìíní 1955. Mo sọ ọ́ fún àbúrò mi kó lè tu ú nínú. Ó ní, "Bọ̀dá mi, a kò sí ní 1955 mọ́." Ó rí i sọ.

Ó ní ká lọ sí Yábà nígbà náà. Kí ló wà ní Yábà?

"Queen's College, Bọ̀dá mi! Láti 1927 ni wọ́n ti dá a sílẹ̀. Àkọ́bí mi tó ń lọ sí JSS1 á kàn máa fẹsẹ̀ rìn lọ ni."

Ìyàwó rẹ̀ tí kò lanu láti àárọ̀ wá gbójú sókè. "Dádì wọn, ọmọkùnrin lẹ bí."

Ájẹ́ńtì fi fóònù kẹta bo ẹnu rẹ̀. Àní ká ní obìnrin ni ọmọ náà, ilé ìwé ìjọba àpapọ̀ ni, ìdánwò ni wọ́n fi ń wọ ibẹ̀. Wọn kì í wo rìsíìtì owó ilé yín mọ́ ọn lára. Àbúrò mi kò tijú, ó yí ọwọ́ padà, ó ní ó dáa, Igbobi College, tàwọn ọkùnrin, 1932. Ìyàwó ní ṣé ó ti béèrè iye owó ilé ìwé wọn. Kò béèrè. Ọdún tí wọ́n dá a sílẹ̀ nìkan ló mọ̀.

A ṣáà dé Àkọká. Ẹ̀bá Unilag ni ilé wà, nítorí náà onílé ti fi pákó pín pálọ̀ sí méjì kó lè rí akẹ́kọ̀ọ́ púpọ̀ sí i kó síbẹ̀. Òun fúnra rẹ̀ jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, síńgílẹ́ẹ̀tì funfun, ikùn lórí itan bí ọmọ tuntun. Kò kí wa. Ìbéèrè ló bẹ̀rẹ̀.

"Ọmọ mélòó?"

"Mẹ́ta, Sà."

"Mẹ́ta!" Ẹ ó rò pé ewúrẹ́ la ní a fẹ́ kó wá. "Mi ò fẹ́ ariwo o."

"Àwọn ọmọ mi kì í pariwo rárá, Sà."

Lásìkò yẹn, àbíkẹ́yìn rẹ̀ ti gun gẹ́ẹ̀tì dé ìdajì, ó ń kọrin. Baba ní inú ilé yìí gan-an ni òun ti tọ́ ọmọ márùn-ún, gbogbo wọn ló wà ní London báyìí. Mo fẹ́ béèrè bóyá nínú ìdákẹ́jẹ́ ni àwọn márààrún ti dàgbà, ṣùgbọ́n ó ti ń ka owó. Owó ilé ọdún méjì. Àgírímẹ́ńtì. Kọ́míṣọ̀n. Kọ́ṣọ̀n, torí ọmọ mẹ́ta lè ba ògiri jẹ́.

Mo ní, "Baba, òfin ayálégbé Èkó ti 2011 ní ẹ kò gbọdọ̀ gbà ju ọdún kan lọ lọ́wọ́ ayálégbé tuntun."

Ó wò mí bí ẹni tó rí àgbò tó ń sọ Gẹ̀ẹ́sì. "Òfin yẹn nílé tó máa fún yín gbé?"

Òfin náà sì wà o. Àtẹni tó gbà á, àtẹni tó san án, àwọn méjèèjì ló mú: owó ìtanràn ₦100,000 tàbí ẹ̀wọ̀n oṣù mẹ́ta. Lójú owó ilé ìsinsìnyí, kọ́míṣọ̀n ájẹ́ńtì nìkan lè ju ìtanràn yẹn lọ. Àwọn tó ṣe òfin tún ní kò kan Ìkòyí, kò kan Victoria Island, kò kan Àpápá àti GRA Ìkẹjà. Ó yé mi. Olówó kò nílò òfin, ó ní lọ́yà.

A bọ́ síta, oòrùn ń pa wá, àbúrò mi ti rọ bí ẹ̀kọ tútù. Ibẹ̀ ni ìyàwó rẹ̀ ti ní ká padà sí ilé àkọ́kọ́.

"Èyí tó wà ní Múṣin?"

"Òun náà."

Àṣé obìnrin yìí ti ṣe ohun tí ọkùnrin méjì àti ájẹ́ńtì kan kò ronú kàn. Lọ́jọ́ Jímọ̀, ó ti ṣáájú ọkọ rẹ̀ wọ mọ́tò wá láti Ìbàdàn. Ní aago kan ààbọ̀ ọ̀sán, ó lọ dúró níwájú ilé ìwé kan tí ọ̀rẹ́ rẹ̀ júwe fún un, alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ àti girama nínú ọgbà kan náà. Ó ra ọsàn, ó ní kí ìyá ọlọ́sàn bá òun bó o, ó ń fà á mu, ó ń wòran. Ó wo ọmọ tí wọ́n wá mú àti ọmọ tó ń dá rìn. Ó wò ó bóyá tíṣà á dúró ti èyí tí ìyá rẹ̀ kò tètè dé. Ìyá ọlọ́sàn ló wá ṣe iṣẹ́ ìnsipẹ́kítọ̀ fún un: tíṣà ìṣirò kì í pa iṣẹ́ jẹ, òjò ń jò sí kíláàsì kẹta, gọ́tà iwájú gẹ́ẹ̀tì sì máa ń kún lóṣù keje, kí ọmọ gba ẹ̀yìn. Ọsàn mẹ́fà ló mu kó tó mọ gbogbo èyí. Nígbà tí irọ́ ájẹ́ńtì gbé wa dé Múṣin tí àwa ń jà, òrùlé ilé ìwé náà ló rí lókè, ló fi wo aago. Ìṣẹ́jú mẹ́jọ, títì ńlá kan péré láti sọdá. Ìṣẹ́jú ìyá ọmọ ni o, kì í ṣe ti ájẹ́ńtì.

Ọkọ rẹ̀ ní, "Ilé ìwé ìjọba?" Ẹ gbọ́ ẹnu rẹ̀! Òun tí ilé ìwé ìjọba tọ́ dàgbà. Nígbà tí gómìnà Jákàńdè ń kọ́ tirẹ̀ káàkiri Èkó kí ọmọ lè bọ́ lọ́wọ́ ẹ̀kọ́ àárọ̀ àti ti ọ̀sán, àwọn kan ní ilé adìyẹ ló ń kọ́. Àwọn adìyẹ yẹn ti dàgbà, wọ́n ti di onílé.

Ìyàwó rẹ̀ tún ju ọ̀kan sí i: rélùwéè Red Line tó bẹ̀rẹ̀ sí í kó èrò ní 2024 ní ibùdókọ̀ ní Múṣin, lẹ́yìn ìyẹn Òṣòdì, lẹ́yìn ìyẹn Ìkẹjà tí ọkọ rẹ̀ ti ń ṣiṣẹ́. Yábà náà ní ibùdó tirẹ̀. Sùúrùlérè kò ní.

A padà sí Múṣin. Ìyá onílé ibẹ̀ béèrè iye ọmọ. A ní mẹ́ta. Ó ní, "Mẹ́ta péré? Kí ló ṣe yín?" Owó ọdún kan ló gbà.

Mi ò ní í purọ́, Múṣin kì í ṣe ọ̀run. Ẹrù kò tíì délẹ̀ tí àwọn ọmọ àdúgbò fi wá kí wọn káàbọ̀. Káàbọ̀ náà ní iye, wọ́n sì ná an bí ẹni ń ná ẹran. Bí Sátidé bá dé, wọ́n á fi kánópì dí títì, wọ́n á gbé sípíkà tó ga ju ọkọ ìyàwó lọ síta, àwo orí tábìlì á máa jó fúnra rẹ̀. Àbúrò mi ti ta aago tó fi ń jí. Mọ́sálásí á kọ́kọ́ jí i, ṣọ́ọ̀ṣì á tẹ̀lé e, jẹnẹrétọ̀ aládùúgbò á sì ṣe àmín. Ṣùgbọ́n aago méje ku ogún ìṣẹ́jú ni àwọn ọmọ ń jí.

Ní ọ̀sẹ̀ tó kọjá, ilé ìwé fún wọn ní fọ́ọ̀mù. Níbi àdírẹ́sì, bàbá fi pẹ́ńsù kọ "Surulere." Èyí ọmọ ọdún mẹ́sàn-án gbé rọ́bà, ó pa á rẹ́, ó kọ "Mushin," ó sì fa ìlà sí i nídìí. Àwọn ọ̀rẹ́ bàbá ní Ìbàdàn ṣì ń gbọ́ "ẹ̀yìn Sùúrùlérè díẹ̀."

Bí ẹ bá ń wá ilé lọ́wọ́, ájẹ́ńtì yẹn ṣì wà. Fúláàtì oníyàrá mẹ́ta kan wà lọ́wọ́ rẹ̀ báyìí ní Bàrígà. Ó ní Yábà ni.